Oyè kọ́ ni obìnrin náà béèrè: lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin Kábíyèsí tó ń rìnrìn àjò lọ sí Bàhíà

Ẹ̀yin Kábíyèsí,

Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí n tó la ẹnu, nítorí ẹjọ́ ni mo fẹ́ rò, ẹjọ́ ara mi ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ rò.

Ògbufọ̀ ni mí. Àgùdà ni wá nílé wa, ní Pópó Àgùdà l'Ékòó. Baba ńlá mi wà lára àwọn tó padà dé láti Bàhíà, ìpínlẹ̀ kan ní Bràsíìlì. Èdè Pọtogí tí ìyá àgbà mi fi ń ka àdúrà láìgbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ tán ni mo lọ kọ́ ní yunifásítì, títí ó fi di ohun tí mo fi ń jẹun. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn ni wọ́n pè mí pé ọ̀kan nínú yín ń lọ sí Salvador, olú ìlú Bàhíà, wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn gbọ́ Pọtogí. N kò ní dárúkọ Kábíyèsí náà. Wọn kò ṣe nǹkan kan tó burú. Èmi ni mo ṣe é.

Gbọ̀ngàn kún lọ́jọ́ náà. Ìlù ń dún, irú èyí tí ẹ ó gbọ́ tí ẹ ó ti mọ̀ pé ti Ṣàngó ni kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún yín. Àwọn ìyá wọ funfun balau, wọ́n to ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, wọ́n ń forí kanlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn dá orin kan tó jẹ́ Yorùbá ayé àtijọ́. Ohùn rẹ̀ ti yí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ́tí dáadáa, ẹ ó gbọ́ "omi", ẹ ó gbọ́ "ọba", ẹ ó gbọ́ "a dé". Kábíyèsí ń nu ojú. Èmi náà ń nu ojú. Nígbà tó kan ìbéèrè, obìnrin kan tí yóò tó ẹgbẹ́ mi dìde láti ẹ̀yìn. Òun kò wọ funfun. Búláòsì ẹlẹ́yẹ ló wọ̀, sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì fi apá fún fáìlì aláwọ̀ búlúù kan mọ́ ìhà. Ó ní ìletò kan létí odò Paraguaçu ni àwọn ti wá, òru ni àwọn ti wọ bọ́ọ̀sì. Ó ní ó ti tó ogún ọdún tí àwọn ti ń retí título. Ó tún fi gbólóhùn kan kún un, ṣùgbọ́n onílù kan ti ń gbá a lẹ́yìn rẹ̀, n kò sì ní kó tún un sọ.

Mo yíjú sí Kábíyèsí. Mo ní: "Ó ní ó ti tó ogún ọdún tí àwọn ti ń retí oyè."

Kábíyèsí rẹ́rìn-ín, wọ́n na ìrùkẹ̀rẹ̀ sí i. "Ẹ sọ fún un kó fọkàn balẹ̀. A ó fi wọ́n joyè."

Mo yíjú sí obìnrin náà. Mo ní ọba ní kó fọkàn balẹ̀, àwọn yóò fún wọn ní título.

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Àtẹ́wọ́ wá bẹ́. Obìnrin náà kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó fi fáìlì bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo tilẹ̀ sọ nínú ara mi pé, háà, àwọn ará Bàhíà yìí mà fẹ́ràn oyè o, bí àwa gẹ́lẹ́.

Ìta ló ti wá bá mi, níbi tí wọ́n ti ń dín àkàrà. Ó ṣí fáìlì náà sórí tábìlì. Mo rí máàpù kan tí wọ́n fi báírò pupa fa ààlà sí, àti ìwé ẹ̀rí kan tó ní òǹtẹ̀ ìjọba. Ẹ̀dà lẹ́tà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, lọ́dọọdún, tí èyí tó wà nísàlẹ̀ ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Ó fi ìka tọ ojú ààlà pupa náà, ó ní kí n fi han òun, apá ibo ni ọba yóò ti bẹ̀rẹ̀?

Ní èdè Pọtogí, título ni wọ́n ń pe oyè. Título náà ni wọ́n ń pe ìwé ilẹ̀.

N kò lè sọ ọ́ fún un. Mo ní ọba ti gbọ́. Ọkọ̀ wa ti ń fọn fèrè.

Kábíyèsí, mo ti gbé e sínú láti ìgbà náà, kò sì lọ. Ẹ jẹ́ kí n wá ṣe báyìí ohun tí wọ́n sanwó fún mi láti ṣe lọ́jọ́ yẹn, kí n sọ ohun tó wà nínú fáìlì náà fún yín.

Ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1888 ni Bràsíìlì fòpin sí oko ẹrú. Òun ló ṣe é kẹ́yìn ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Abala méjì péré ni òfin náà ní. Èkíní ní oko ẹrú ti parí láti ọjọ́ náà lọ. Èkejì ní òfin yòówù tó bá tako èyí ti di òfo. Ó tán. Ilẹ̀ ńkọ́? Owó gbogbo ọdún tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀ ńkọ́? Ibi tí wọn yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ kejì ńkọ́? Òfin náà kò mẹ́nu bà á. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko ló kọjá kí ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà tó rántí pé àwọn èèyàn wọ̀nyí ń gbé lórí ilẹ̀ kan. Ìwé òfin tí wọ́n kéde lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 1988, èyí tí wọ́n ṣì ń lò, ló wá ṣe é. Ẹ sì wo ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí: ẹ̀yìn ìwé, láàrin àwọn ètò onígbà díẹ̀, Abala 68. Gbólóhùn kan ni. Ó ní àwọn ìyókù ará quilombo tó wà lórí ilẹ̀ wọn, ilẹ̀ náà di tiwọn láéláé, ó sì di dandan fún Ìjọba láti fún wọn ní título rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an rèé, título. Inú ìwé òfin ló ti mú un.

Quilombo kì í ṣe ọ̀rọ̀ tiwa. Láti apá Àǹgólà ló ti wá. Ibùdó ni, ibi tí àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú ti lọ tẹ̀dó sínú igbó. Èyí tó lókìkí jù ni Palmares. Ogúnjọ́ oṣù Kọkànlá ọdún 1695 ni wọ́n pa olórí rẹ̀, Zumbi, ọjọ́ yẹn ni gbogbo Bràsíìlì sì ń fi sinmi báyìí, láti ọdún 2024. Ṣùgbọ́n kì í ṣe sísá nìkan ló bí quilombo. Àwọn kan ra ilẹ̀ wọn, àwọn kan jogún rẹ̀, àwọn mìíràn wà lórí oko tí olówó wọn jẹ gbèsè tó sì pa tì. Wọ́n dúró síbẹ̀. Wọ́n gbin ẹ̀gẹ́, wọ́n pẹja, wọ́n sin òkú wọn síbẹ̀. Ìwé ni wọn kò ní. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ẹjọ́ ajagungbalẹ̀ láàfin títí ilẹ̀ fi ṣú mọ ohun tí ojú ẹni tó nílẹ̀ tí kò níwèé máa ń rí.

Bí wọ́n ṣe ń gba ìwé yìí nìyí. Àwọn ará ìletò fúnra wọn ni yóò kọ́kọ́ sọ pé quilombo ni àwọn. Àjọ kan tí wọ́n fi orúkọ Palmares pè yóò fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, èyí tí mo rí pẹ̀lú òǹtẹ̀ nínú fáìlì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó parí síbẹ̀. Kò tíì bẹ̀rẹ̀. INCRA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ni yóò wá ṣí ẹjọ́ náà. Wọn yóò rán onímọ̀ wá gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà, awọnlẹ̀ yóò tẹ̀lé e, wọn yóò kọ orúkọ ìdílé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wọn yóò kéde rẹ̀, wọn yóò sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ tako ó. Ẹni tó ń da màlúù níbẹ̀ yóò tako ó. Ilé-iṣẹ́ tó ń wo ilẹ̀ náà yóò tako ó. Bí ìyẹn bá rọlẹ̀, tí ẹnì kan bá sì ní ìwé àtijọ́ lórí ilẹ̀ náà, ó di ọwọ́ Ààrẹ orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ láti fọwọ́ sí àṣẹ tí wọn yóò fi gbà á, ìjọba yóò sì wá owó san fún onítọ̀hún. Kí título tó jáde nìyẹn. Ọdún tí kò bá sí owó nínú ìṣúná, gbogbo rẹ̀ dúró gbagidi.

Ìwé náà, bó bá jáde, kì í ṣe ti ẹnì kan. Ti gbogbo ìletò ni. Wọn kò lè tà á, wọn kò lè pín in, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi gbèsè gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ tí mo ka èyí, mo rẹ́rìn-ín nínú yàrá mi. Ilẹ̀ ẹbí ni! Ohun tí àwọn agbẹjọ́rò ibẹ̀ ń fi ojú ewé rẹpẹtẹ ṣàlàyé, màmá arúgbó kan l'Íjẹ̀bú yóò sọ ọ́ tán kó tó gbé àwo ọbẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀.

Ọdún 2003 ni àṣẹ tó la ètò yìí sílẹ̀ jáde. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ẹgbẹ́ òṣèlú kan gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pé kí wọ́n wọ́gi lé e. Ẹjọ́ náà wà nílẹ̀ títí di ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 2018 kí ilé ẹjọ́ tó ní àṣẹ náà dúró. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n pe ẹjọ́ náà ti ń wọ ṣòkòtò baba rẹ̀.

Ìkànìyàn ọdún 2022 ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Bràsíìlì ka àwọn ará quilombo lọ́tọ̀. Wọ́n lé ní mílíọ̀nù 1.3. Bàhíà nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ ní 400,000. Bí ẹ bá kó ọgọ́rùn-ún nínú gbogbo wọn jọ, nǹkan bí mẹ́rin péré ló ń gbé lórí ilẹ̀ tó ti ní título. Ọdún 34 ni Abala 68 ti wà nígbà náà.

Kì í ṣe Bràsíìlì nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ìwé òfin Kòlóńbíà ti 1991 ṣí ọ̀nà fún òfin ilẹ̀ adúláwọ̀ tó jáde ní 1993. Mẹ́síkò kò kọ orúkọ ọmọ Áfíríkà tó wà láàrin rẹ̀ sínú ìwé òfin tirẹ̀ títí di 2019. Chile ṣe òfin tó dá wọn mọ̀ lọ́dún kan náà, ṣùgbọ́n ìwé òfin orílẹ̀-èdè tuntun tí ìbá fi wọ́n sí, àwọn ará ìlú dìbò kọ̀ ọ́ ní 2022. Mo fi í sílẹ̀ báyìí, nítorí Bàhíà ni wọ́n ń pè yín sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìyá Bernadete Pacífico.

Ìyálórìṣà ni. Olórí ni pẹ̀lú ní Pitanga dos Palmares, ìletò quilombo kan ní Simões Filho, tí kò jìnnà sí Salvador rárá. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 ni wọ́n yìnbọn pa ọmọ rẹ̀, Binho, tí òun náà ń jà fún ilẹ̀ wọn. Ìyá náà kò gbé ẹnu dákẹ́. Ó ń béèrè ẹni tó pa ọmọ òun, ó sì ń béèrè título. Wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn débi pé ìjọba fi í sábẹ́ ètò ìdáàbòbò. Ní oṣù Keje ọdún 2023, ó dúró níwájú Rosa Weber, adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn, tó wá kí àwọn ará quilombo ní Bàhíà, ó sì sọ lójú ara rẹ̀ pé àwọn ń gba ìhàlẹ̀. Oṣù kan kò pé. Lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹjọ àwọn agbébọn wọ ilé rẹ̀ lálẹ́, wọ́n pa á. Ẹni ọdún 72 ni. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà nílé. Ilẹ̀ tó tìtorí rẹ̀ ń pariwo, ìwé rẹ̀ kò tíì jáde nígbà tí wọ́n pa á.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n pa á. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ, ni Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe tiwa. L'Ékòó níbí ìjọba fún wa ní ìsinmi lọ́jọ́ Ajé. Èmi Àgùdà, mo lọ wòran, mo sì jó, mo ya fọ́tò. Wọ́n ń sọ lórí pèpéle pé ìṣẹ̀ṣe ti tàn dé Bràsíìlì, dé Kúbà, pé òkìkí wa ti kan gbogbo ayé. Àtẹ́wọ́ sọ. Ìyálórìṣà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní Bàhíà kan náà tí wọ́n ń fi ṣògo, ọjọ́ kẹrin kò tíì pé, n kò sì gbọ́ kí ẹnì kan dárúkọ rẹ̀. N kì bá ti bá wọn wí. Èmi náà kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo kà á, tí mo rántí fáìlì búlúù.

Ẹ̀tanú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú, kì í ṣe ti ilẹ̀ nìkan. Ẹni tí wọn kò kà sí èèyàn, wọn kì í fún un níwèé. Ìwé òfin 1988 yẹn kan náà ló sọ ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà di ẹ̀ṣẹ̀ tí a kò lè gba béèlì ẹni tó bá dá a, tí ẹjọ́ rẹ̀ kì í sì í kú bó ti wù kó pẹ́ tó. Ọ̀rọ̀ ìwé dára. Ní 1999, ìwé ìròyìn ìjọ ńlá kan tẹ fọ́tò Ìyá Gilda, ìyálórìṣà ní Itapuã ní Salvador, sábẹ́ àkọlé tó pe irú wọn ní oníjìbìtì tó ń ba owó àti ẹ̀mí èèyàn jẹ́. Wọ́n yabo ilé òrìṣà rẹ̀, wọ́n na ọkọ rẹ̀. Àyà rẹ̀ kò gbà á. Ó kú lọ́jọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 2000. Ní 2007 ni Bràsíìlì sọ ọjọ́ ikú rẹ̀ di ọjọ́ tí gbogbo orílẹ̀-èdè fi ń tako ẹ̀tanú ẹ̀sìn. Ní 2015, ọmọbìnrin ọdún 11 kan ń bọ̀ láti òde òrìṣà ní Rio de Janeiro nínú aṣọ funfun rẹ̀. Òkúta ni wọ́n sọ lù ú lórí.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì tún bí mi nínú, ni ti àkàrà. Acarajé ni wọ́n ń pè é ní Bàhíà, "àkàrà" wa pẹ̀lú "jẹ" tí wọ́n so pọ̀. Oúnjẹ Ọya ni, àwọn obìnrin aláṣọ funfun ló ń dín in ní ìta. Àwọn kan tó ti di ọmọ ìjọ tuntun wá bẹ̀rẹ̀ sí í dín in, wọ́n sì pe tiwọn ní "bolinho de Jesus", ẹ kà á sí "àkàrà Jésù". Ẹ̀wà kan náà, epo pupa kan náà, àlùbọ́sà kan náà. Orúkọ nìkan ni wọ́n fọ̀.

Mo ń bínú sí wọn lọ́wọ́, ni mo bá rántí ilé. "Macumbeiro" ni wọ́n fi ń bú onílé òrìṣà ní Bràsíìlì. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀ takisí kan ní Salvador, bó ṣe yọ ètè rẹ̀ sọ ọ́, bíi pé nǹkan ń rùn. Kí n tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ni mo ti mọ ohùn náà. Ohùn tí olùkọ́ wa fi ń pe "abọ̀rìṣà" ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Mélòó nínú wa ló wọ kíláàsì kìíní ní Ifá-kinní-kan, tó sì jáde ní kíláàsì kẹfà ní Olú-kinní-kan? Oṣù tó ṣáájú ikú Ìyá Bernadete ni wọ́n sọ fún ìyálórìṣà kan ní Ìlọrin pé kò gbọdọ̀ ṣe ọdún rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn, mo sì kí yín. Àwọn mìíràn nínú yín ń fi irùngbọ̀n pamọ́ títí ìjì fi lọ. Ọba tó ń sá fún orúkọ òrìṣà nílé, tó wá ń lọ jó ìlù Ṣàngó lókè òkun, àwọn ará Bàhíà kò mọ̀ ọ́n. Àwa mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó yẹ kí ògbufọ̀ sọ. Ẹ má ṣe máa sọ níbẹ̀ pé ọmọ Odùduwà ni gbogbo wọn. Mo ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mejèèjì ni mo rí àwọn kan tí wọ́n wo ara wọn. Yorùbá pọ̀ nínú ilé òrìṣà Salvador, òótọ́ ni, Nàgó ni wọ́n ń pè wá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ará quilombo ló jẹ́ ọmọ Kóńgò àti Àǹgólà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ibùdó wọn sì ti sọ bẹ́ẹ̀ kí a tó béèrè. Ẹtọ́ wọn lórí ilẹ̀ kò dá lórí pé wọ́n jẹ́ ẹbí wa. Bí ó bá jẹ́ nítorí ẹbí nìkan la fi fẹ́ bá wọn gbé e, kò tó.

Ti èmi ni mo fẹ́ fi tẹnu mọ́ ọn. Òru ọjọ́ 24 mọ́jú 25 oṣù Kìíní ọdún 1835 ni àwọn Mùsùlùmí dìde ogun ní Salvador, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ Yorùbá. Malê ni Bàhíà ń pè wọ́n, ìmàle wa náà ni. Ogun náà kò yọrí. Ayé wá nira fún adúláwọ̀ tó ti ra ara rẹ̀ padà. Wọ́n lé àwọn kan, àwọn mìíràn sì wá fúnra wọn, Mùsùlùmí, Àgùdà, abọ̀rìṣà, wọ́n dé Èkó, wọ́n dé Àjàṣẹ́, wọ́n dé Ouidah. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí dé nìyẹn. Káfíńtà ni baba ńlá mi. Kò mú nǹkan bọ̀ ju ayùn àti èdè tí kò sí ẹni tó gbọ́ ọ.

Ẹ mọ ohun tí a rí gbà l'Ékòó? Ilẹ̀ ni, ilẹ̀ tí a kọ́lé sí, tí ó ń jẹ́ Pópó Àgùdà títí di òní. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì Rere, bí ìyá àgbà mi bá ti se fréjọ̀n tán, ẹ̀wà náà yóò máa tutù, wọn yóò lọ gbé agolo bísíkíìtì kan láti abẹ́ ibùsùn. Wọn yóò nu ọwọ́ wọn gbẹ kí wọ́n tó ṣí i. Ìwé kan wà nínú rẹ̀ tó ti di àwọ̀ tíì, wọ́n fi ọ̀rá wé e lọ́nà mẹ́ta. Wọn kò mọ̀wé kà. Wọ́n á fi ìka sí ibi kan, wọ́n á ní: "Orúkọ wa rèé." Ó yẹ kí n ti rántí ìka yẹn lọ́jọ́ tí obìnrin ará Paraguaçu fi tirẹ̀ sórí máàpù. Ìwé bẹ́ẹ̀ ló ń béèrè. A ti rí tiwa gbà láti nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, ti àwọn tí a fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún ni kò tíì dé.

Nítorí náà, Kábíyèsí, ìgbà tí wọ́n bá tún fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí yín, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó yan aṣọ, ẹ ní kí wọ́n fi orúkọ àwọn ìletò tó ń retí título ránṣẹ́. Ó wà nílé-iṣẹ́ INCRA, kì í ṣe àṣírí. Ìlú kan péré nínú rẹ̀ ni kí ẹ há sórí, ẹ má ṣe há gbogbo rẹ̀. Wọn yóò mú yín lọ kí gómìnà. Gómìnà a máa fẹ́ fọ́tò pẹ̀lú ọba Áfíríkà, kò sì sí bó ṣe lè lé yín kúrò nínú rẹ̀ bí ẹ bá ti la ẹnu. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè, níṣojú àwọn oníròyìn: ìletò báyìí, ibo lẹ bá título rẹ̀ dé? Ẹ kò ní àṣẹ ní Bràsíìlì, mo mọ̀. Ilé ẹjọ́ wọn ti sọ̀rọ̀, ìwé òfin wọn ti sọ̀rọ̀. Ẹni tí yóò béèrè ní gbangba tí wọn kò ní lè ní kó jókòó ló ṣọ̀wọ́n.

Oyè ńkọ́? Ẹ máa fi wọ́n jẹ ẹ́, kò burú, inú wọn a máa dùn. Àmọ́ mo ti rí ibi tí ẹni tó lówó ilé òtẹ́ẹ̀lì ti gba oyè tí ẹni tó ni orin wà lẹ́yìn tó ń wo ẹ̀yìn fìlà. Kò yẹ kí ó ti ẹnu mi jáde, ó ti jáde.

Kí ẹ sì mú ògbufọ̀ tó mọ ilẹ̀ dání. Bí ẹ bá mú mi, n kò ní gba owó.

Mo padà sí etí odò Paraguaçu lọ́dún tó kọjá, owó ara mi ni mo fi lọ. Mo bá obìnrin náà níbi tó ti ń ṣa ẹja sórí ọ̀rá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ kan tó ní ìtumọ̀ méjì àti ògbufọ̀ kan tó mú èyí tó mọ̀ nínú méjèèjì. Kò bínú. Ó wò mí pẹ́, ó ní òun ti fura, nítorí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kò sí awọnlẹ̀ tó dé. Mo bi í ní ohun tó fi kún un lọ́jọ́ náà tí ìlù kò jẹ́ kí n gbọ́. Ó sọ ọ́ fún mi, ó tún un sọ, ó sì dúró títí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Kábíyèsí, gbogbo ohun tó sọ fún yín ní gbọ̀ngàn yẹn rèé. Mo tún un túmọ̀: "Ó ti tó ogún ọdún tí a ti ń retí ìwé ilẹ̀ wa. Ní ilé yín, bí ọba bá ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, kí ni ó máa ń ṣe?"

Èmi ni, ọmọ yín,
ògbufọ̀ láti Pópó Àgùdà, Èkó.